Adágún Tó Fẹ̀ Bí Òkun

Kí ogun tó tán nílẹ̀ Èkìtì, orí òkè ni àwọn ènìyàn wa ń gbé, lẹ́yìn oko wa lójú ọ̀nà Ìjàn. Nígbà tí àlàáfíà dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí Adó, wọ́n sì fi òkè sílẹ̀ fún ọ̀bọ. Yèyé, ìyá bàbá mi, wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni nígbà náà. Ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò sọ̀. Bí omi ilé wa bá rú, á ní omi òkè kì í rú. Bí a bá ròyìn odò kan tó kún, á yọ ṣùtì sí wa: "Ẹ̀yin ò tíì rómi. Adágún wa lókè fẹ̀ bí òkun." Yèyé kò rí òkun rí o. Àwa náà kò rí i rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń wá ọkọ fún. Ẹsẹ̀ Yèyé wú lẹ́yìn ìkórè, kò sì fà mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé òun fẹ́ mu omi adágún náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní adágún náà á ti gbẹ, igbó á sì ti bo ọ̀nà. Yèyé wò ó.

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tó gbẹ ni? Ulé mi ni mo ń lọ. Ulé làbọ̀ ìsinmi oko."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbà láti mú un lọ. Òun náà ti di tíṣà ní Ìgèdè, ó wá ṣọdún Kérésì nílé, ó sì ra bàtà tuntun tó ń dún kó, kó, kó. Ó ní bàtà náà lòun máa fi gun òkè. Mo ní kó rọra o, àpáta kì í ṣe sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti pọ̀ jù, pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè rí ọkọ. Mo fi í sílẹ̀, mo gbé akèrègbè.

Bàbá mi kò purọ́ nípa ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó ro ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi àdá ṣán ìtàkùn níwájú, èmi di Yèyé lọ́wọ́ mú lẹ́yìn. Wèrèpè jó wa, a ń họra bí ajá. Níbi tí òkè ti dúró gangan, bàtà yọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ìdí wọ́ wálẹ̀ wá bá wa. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

"Tíṣà, ṣé o ti ń bọ̀ ni?"

Ó bọ́ bàtà náà, ó so ó kọ́ ọrùn, ó sì tún gbé àdá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ arúgbó gòkè. Nígbà tí a dé àpáta pẹrẹsẹ kan tí àwọn ará òkè máa ń sọ ẹrù sí láyé ọjọ́un, ó jókòó. Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó bóyá ó ṣì wà. Ẹ bù ú wá."

Ọwọ́ àti orúnkún la fi gun ìyókù. Lókè, a rí àpáàdì káàkiri, a rí ojú ọlọ tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ ata níbẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ la rí adágún náà. Kò gbẹ. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì tutù. Ṣùgbọ́n òkun kọ́. Ewúrẹ́ lè fò ó kọjá láìsáré. Ẹ̀gbọ́n mi yí i po, ó ń wo ẹ̀yìn àpáta kiri bíi pé èyí tó kù fara pamọ́ síbì kan. Inú bí mi. Gbogbo ìjà tí mo ti bá àwọn ọmọ àdúgbò jà nítorí adágún yìí! Mo bu omi kún akèrègbè. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tí a máa sọ fún Yèyé ló ká wa lára ju wèrèpè lọ.

Ó ti ń pè wá kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó ṣì wà?"

"Ó wà, Yèyé."

"Ó ṣì fẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń na ọmọ iléèwé nítorí irọ́, wò ó lójú kòrókòró. "Ó fẹ̀, Yèyé. Ó fẹ̀ bí òkun."

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. "Òpùrọ́! Ìgbà wo ló fẹ̀? Bí mo bá jókòó sétí kan, tí bàbá yín àgbà jókòó sétí kejì, ẹsẹ̀ wa a máa pàdé nínú omi láàárín. Ibẹ̀ la máa ń wà títí ìyá rẹ̀ á fi pariwo pé omi tí a lọ pọn dà."

Ó gba akèrègbè, ó mu ún tán, kò fún ẹnikẹ́ni nínú wa ní ẹ̀kán kan. Ó nu ẹnu, ó kọjú sí ọ̀nà ìsàlẹ̀.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ulé."

Yèyé kò rí Kérésì mìíràn. Nígbà tó pẹ́, ọkọ mú mi lọ sí Èkó, mo sì dúró létí òkun. Ó fẹ̀ lóòótọ́, n kò rí etí kejì. Àárò Yèyé sọ mí. Omi tó fẹ̀ tó báyìí, ẹsẹ̀ ta ni yóò pàdé ẹsẹ̀ ta?