Ẹ̀wù Òjò Ọkọ̀ Télọ̀

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀, kó má baà di ohun ìgbàgbé, pé kò sí òwúrọ̀ kan tí télọ̀ àdúgbò wa jí tí kì í kọ́kọ́ lọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí ọkọ̀ rẹ̀, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Bó bá rí i pé ó gbẹ, á mí kanlẹ̀, á wá wọlé lọ kí ìyàwó rẹ̀.

Ìpẹtà lọ̀tá rẹ̀. Ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ dípẹtà débi pé ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó o, látọjọ́ náà ló sì ti búra pé tòun kò ní kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ra tirẹ̀, ó rán ẹ̀wù òjò fún un. Mi ò ṣàsọdùn o. Tapólì ló fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ onírun ló fi tẹ́ inú rẹ̀, ó wá to bọ́tìnnì sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà kan pé látìgbà tóun ti fẹ́ télọ̀, òun ò tíì ní ẹ̀wù tó ní aṣọ inú. Télọ̀ ní òun ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn dípẹtà.

Lọ́jọ́ kan tó ń nu ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́. Ó bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, ó tún rí òmíràn. Ó mirí. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kò parí iṣẹ́. Télọ̀ tó bá rí ihò lára aṣọ tí kò dí i, ṣé télọ̀ ni? Ó rẹ àjákù aṣọ sínú gọ́ọ̀mù, ó fi dí gbogbo wọn pinpin, ó sì yọ́ àbẹ́là lé e. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé ẹni tó lu ihò gan-an ì bá wá a tì.

Gbogbo nǹkan ló ṣe fún ọkọ̀ náà tán, àfi kó wà á. Ìyàwó rẹ̀ sì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan lódìkejì ìlú, tó ti sọ lójú gbogbo ẹbí pé àbúrò òun ò ní gun ọkọ̀ yẹn láyé. Ohun tí ìyàwó ń fẹ́ kò ju kí ọkọ̀ náà gbé òun dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹnu ẹ̀gbọ́n lè wọhò. Lásìkò òjò, télọ̀ á ní kílẹ̀ gbẹ ná. Nígbà tílẹ̀ bá gbẹ, á ní eruku ń mu ìrì, ìrì ló sì ń bí ìpẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ pé òun ń kó lọ bá ọmọ òun lókè òkun, kí wọ́n wá kí òun pé ó dàbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyàwó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ máa gbé mi lọ ní Sátidé, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹlòmíì tí á máa bá yín de bọ́tìnnì ọkọ̀."

Télọ̀ gbà.

Nígbà tó bọ́ ẹ̀wù ọkọ̀ náà kọ́ sára ògiri ní Sátidé, ọkọ̀ ń dán débi pé àwọn ará ilé jáde wá wo ara wọn nínú rẹ̀. Ìyàwó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ẹsẹ̀ sì ń lọ. Kápẹ́ẹ̀tì tẹ̀, irin abẹ́ rẹ̀ rún. Ìyàwó télọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, ó sì dúró sórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti bàtà tuntun.

Wọ́n pe panẹbítà, aládùúgbò wọn tó ń lu ara ọkọ̀ jẹun. Ó fi súkúdíráfà gún ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ búrẹ́dì. Ó béèrè ẹni tó dí àwọn ihò.

"Èmi ni," télọ̀ wí, inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn díẹ̀. "Ihò ni ihò."

"Ibẹ̀ lomi ń gbà jáde, bọ̀dá. Omi gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé, ẹ wá tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ tún daṣọ tó nípọn bò ó kó máa làágùn."

Télọ̀ béèrè bóyá wọ́n lè lẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó ṣẹ́ ku ibi tẹ́ ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gún ni?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á lójò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Télọ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sáré fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó wo ọ̀run, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wá mú ẹ̀wù òjò yẹn lára ògiri. Ó fi borí, ó de bọ́tìnnì méjì lábẹ́ àgbọ̀n, ó ká ìyókù mọ́ abíyá, ó sì gba ibùdókọ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹ̀yìn àbúrò ló kọ́kọ́ wò.

"Ọkọ̀ dà?"

"Ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ń daṣọ bò ó."

"Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?" Ó bá a gba ẹ̀wù náà, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún pa á. "Èyí mà dáa o. Ta ló rán an?"

"Ọkọ mi náà ni."

Ẹnu ẹ̀gbọ́n wọhò.

Òjò rọ̀ dalẹ́. Àtàlọ àtàbọ̀, ẹ̀kán omi kan ò kan ìyàwó náà lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi télọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ já sófo?