Ohun Tó Wà Létí Ìró Màmá

Òórùn iléeṣẹ́ epo tó wà ní La Porte, létíkun Amẹ́ríkà, máa ń ta èèyàn nímú kó tó rí omi rárá, bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí wọ́n da kẹrosíìnì lé lórí. Òun ló kún inú mọ́tò mi lọ́jọ́ tí mo lọ pàdé Màmá ní èbúté. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà. Nọ́ọ̀sì ni ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ló fà á wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́. Kò ní físà Amẹ́ríkà. Pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dúró sínú ọkọ̀, káàdì kékeré kan làwọn aṣọ́bodè fún un, pé kó sọ̀kalẹ̀, kó sì padà kí ọkọ̀ tó ṣí nírọ̀lẹ́. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ lásánlàsàn ni mo fọwọ́ sí i pé màá dá a padà. Bí ọkọ̀ bá fi í sílẹ̀, wọ́n lè tì í mọ́lé, wọ́n sì lè lé èmi náà kúrò nílùú.

Ṣùgbọ́n ta ló tó sọ fún ìyá àgbà pé kó má wẹ ọmọ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí? Ní apartment wa ní Greenspoint, tó jìnnà sí èbúté, Màmá bọ́ ìró rẹ̀, ó ró ti ìyàwó mi, ó nasẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi òrí ra ọmọbìnrin wa lára, ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ń wo aago.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, freeway máa ń dí nírọ̀lẹ́.”

“Ṣé bí mo ṣe ń kánjú wẹ ìwọ náà nìyẹn?”

Nígbà tó ṣe tán, ìró tó bọ́ sílẹ̀ ló fi bá ìyàwó mi pọn ọmọ náà. Ó ní kí ìró náà máa bá ọmọ gbé títí òun ó fi padà wá.

Freeway náà sì dí lóòótọ́. Ìgbà tá a máa dé èbúté, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Aṣọ́bodè na ọwọ́ pé kó mú káàdì wá. Màmá fọwọ́ kan etí kan ìró tó ró, ó fọwọ́ kan etí kejì.

“Ìró tí mo fi pọn ọmọ ni mo so ó mọ́,” ló wí.

 Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkùnrin náà pé kó ṣáà pe àwọn inú ọkọ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ó gbé fóònù, a sì ń dúró. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí náà ni nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn pé, bí wọn ò bá rí pásípọ́ọ̀tù náà, Màmá á wẹ ọmọ lọ́la. Mo yáa lé èrò náà lọ. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù náà, aṣọ́bodè wo fọ́tò, ó wo ojú Màmá, ó ní kó kọjá.

“Máa na apá ọmọ yẹn dáadáa,” ni Màmá sọ fún mi, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ.

Kò padà wá mọ́. Lọ́ńdọ̀nù ló kú sí, ó ṣì ń tọrọ físà. Ọmọbìnrin wa ti fi ìró náà pọn ọmọ tirẹ̀, kókó tí Màmá ta ṣì wà létí rẹ̀, káàdì wà nínú rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u. Gbogbo ẹ̀rù mi lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n má lọ dá a dúró. Mi ò mọ̀ pé ká jẹ́ kó lọ gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.