Kọ́ìlì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fà

Òórùn epo bàálù máa ń wọ yàrá wa ní Springfield Gardens bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú fẹ́ wá. Òórùn yẹn gba gbogbo àdúgbò lọ́sàn-án Sátidé tí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an, wá láti Co-op City kó lè bá mi wo ọkọ̀ mi tí ẹnjíìnì rẹ̀ ń gbọ̀n. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ṣe ní Ìbàdàn kó tó wá sí Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ ṣe.

Mo ti ka ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá. Ó ní ká pa ẹnjíìnì, ká yọ kọ́kọ́rọ́, ká tó fọwọ́ kan kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, nítorí iná ọkọ̀ òde òní le ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Nílé, ṣe ni wọ́n máa ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ẹnjíìnì tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ èyí tó ti kú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pa á ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Iná yìí ti gbé mi títí ó ti sú u. Kúrò níbẹ̀ jàre."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnjíìnì, ó fa kọ́ìlì kan. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, ẹ̀gbọ́n mi sì rọra wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn.

Àwọn oníáńbúláǹsì bi mí bóyá àìsàn kankan ń ṣe é. Mo ní rárá, tìgboyà-tìgboyà; ṣebí ìyá kan ló bí wa. Ọsíbítù la wà nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ti fi pacemaker sí i láyà láti last year. Dókítà ní kó má sún mọ́ engine tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà gbọ́."

Ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn rẹ̀ lù ni pacemaker yẹn, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jí mọ́.

Mo ṣì ń bínú sí i. Àwọn ẹbí nílé ní ìyàwó rẹ̀ ló pa á, mi ò sì gbà fún wọn. Àrùn tó ń ṣe ogójì ló ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Mélòó nínú wa ni kò gbé oògùn pamọ́ nítorí ẹnu ayé? Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi wo ọkọ̀, mo máa ń pa ẹnjíìnì, mo sì máa ń bi onítọ̀hún léèrè ohun tó ń ṣe é kí n tó fún un ní sípánà. Àwọn kan máa ń bínú pé mo ń tọ pinpin wọn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó bá ń bínú ṣì wà láàyè.