Àlàfo Tó Wà Níbi Ìrù Ejò

Fasulf kò lẹ́nu dídùn, ṣùgbọ́n bó bá mú òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, òkúta á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ní gbogbo ilẹ̀ Uppland níbi tó ń gbé, òun ni wọ́n ń pè bí wọ́n bá fẹ́ gbé òkúta ìrántí olóògbé dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Á gbẹ́ ejò gígùn kan yí òkúta náà ká, á kọ rúnù, lẹ́tà àwọn baba ńlá wọn, sára ejò náà láti orí dé ìrù, á sì kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ yẹn ló ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá gbẹ́ irọ́ sára òkúta, ẹ̀sín ni yóò jẹ, torí òkúta kì í kú.

Ìgbà ìrúwé kan ni Gullef, àgbẹ̀ olówó kan, ránṣẹ́ pè é. Gullef kò tíì kú o. Ó kàn ní kí àwọn ọmọ òun má lọ kọ kantankantan sórí òkúta òun ni, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ohun tó fẹ́ kí wọ́n kọ rèé: Gullef gbé òkúta yìí dúró fún ara rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Ó lawọ́ nídìí oúnjẹ.

Fasulf fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ilé ẹni tó gbéṣẹ́ fún agbẹ́kùúta ló ti ń jẹ, tó ti ń sùn, títí iṣẹ́ á fi parí. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ rèé nílé Gullef, ẹja gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rì bọnú ọbẹ̀, tí wọ́n ń yọ, tí wọ́n tún ń fi kọ́ sókè di ọ̀la. Ẹja náà ti di ará ilé. Bàbá Fasulf ti kọ́ ọ pé rúnù kọ̀ọ̀kan lórúkọ: èkíní ń jẹ́ Ọrọ̀, ìkẹjọ ń jẹ́ Àìní. Ilé Gullef ló ti kọ́kọ́ rí àwọn méjèèjì nínú yàrá kan náà.

Ó gbẹ́ ejò, ó kọ gbólóhùn kìíní, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìrù, ó gbé òòlù sílẹ̀. Wọ́n gbé òkúta náà dúró lẹ́bàá afárá tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá, tòun ti àlàfo rẹ̀. Gullef béèrè ìdí.

“Bàbá, mo ṣì ń dúró de ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn ni,” Fasulf wí. “Ẹ̀rí ni rúnù. Orúkọ mi ti wà níbẹ̀, èmi ò sì tíì yó láti ọjọ́ tí mo ti dé.”

“Ṣé ìwọ lo máa sọ bí mo ṣe lawọ́ tó?”

“Èmi kọ́. Ẹ bi àwọn aládùúgbò yín.”

Gullef ní òun á pe agbẹ́kùúta míì. Holmdis ìyàwó rẹ̀ ló rán an létí pé kò sẹ́ni tó ń parí ejò tí ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ẹni tó ń gba afárá kọjá ló ń dúró méfò ohun tó yẹ kó wà nínú àlàfo náà. Ẹnì kan ní kí wọ́n ya ẹja síbẹ̀. Gullef gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló pa ẹlẹ́dẹ̀, ó pọn ọtí ọkà, ó pe àdúgbò. Wọ́n wá tìfura-tìfura, wọ́n jẹ, wọ́n yó. Fasulf jẹ títí ìgbànú rẹ̀ fi há. Lọ́jọ́ kejì ó gbẹ́ gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n nígbà tó ń fi ọ̀dà pupa kun lẹ́tà, ó fi ti oúnjẹ sílẹ̀ láìkùn.

“Èyí ńkọ́?” Gullef bi í.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ṣe é, bàbá. Tí mo bá padà wá nígbà ìrúwé tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ tún ṣe é, màá kùn ún. Ọ̀dà sì máa ń ṣí, ọdọọdún la ó máa tún un kùn.”

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Gullef fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ nígbà ìrúwé, tó ń ṣépè fún Fasulf bó ṣe ń bu ọtí fún un. Nígbà tó kú, àwọn aládùúgbò sunkún tinútinú. Fasulf mú ọ̀dà rẹ̀, ó lọ síbi afárá. Ọjọ́ yẹn nìkan ló kun gbólóhùn náà láì tíì jẹun.