Àgùntàn Tí Sàúdátù Dá Dùbúlẹ̀

Nígbà tí ọ̀tẹ̀ pín Côte d'Ivoire sí méjì, ìjọba kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Bouaké, ìlú tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì gbàgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Sàúdátù fi dúró de ìdánwò kan ṣoṣo, ìyẹn ti ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Nínú olùkọ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kan ló kù; kì í sì í ṣe ìgboyà ló dá a dúró, màlúù rẹ̀ ló pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kó sá lọ. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí ni Sàúdátù ń fẹsẹ̀ rìn lọ láti Dougouba, àdúgbò rẹ̀, lójoojúmọ́, tí yóò kọjá níwájú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó na okùn dí títì, kó lè ka ohun tó ti kà lánàá.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn olùdánwò ń bọ̀ láti ìhà ìjọba. Ọjọ́ kan péré ni wọn yóò lò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ọdún tí wọn yóò tún wá.

Ó kan Sàúdátù. Mádáàmù olùdánwò nawọ́ sí àgùntàn kan.

"Gé pátákò rẹ̀."

Ìwé sọ bí wọ́n ti ń ṣe é: èèyàn á gbé ẹran náà jókòó sórí ìdí, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti orúnkún ara rẹ̀. Sàúdátù mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í kàwé. Láti ìgbà tí Sàúdátù ti wà lọ́mọ ọdún méje ni Mọ́ṣúdù, baba rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta àgùntàn lọ́jà, ti ń mú un lọ bá àwọn aládùúgbò di àgbò Iléyá mú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dá ẹran náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì ti kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn.

Àgùntàn náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ti gba kádàrá.

"Mádáàmù, kí n sáré mú ọ̀bẹ wá?" Idriss, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló wí bẹ́ẹ̀. "Lọ́dọ̀ àwọn Anago, ọdún ti dé."

Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi olùdánwò tó ń fa ìlà pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mádáàmù, ẹ jẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀."

"A kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òdo ni fún bí o ṣe mú un. Máàkì márùn-ún ti lọ. Fi í sílẹ̀ bó o bá fẹ́."

"N ò ní fi í sílẹ̀."

Nínú ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kù; mẹ́wàá ló ń wá kó tó yege. Ó gbé àgùntàn náà jókòó, ó fi orúnkún há a mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ní pátákò kẹta, òórùn burúkú jáde. Ó ha ibi tó rà kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó fi oògùn sí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tẹ́nikẹ́ni kò bi í:

"Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, yóò kó àrùn pátákò yìí ràn wọ́n."

Olùdánwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn, ó kọ̀wé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ka èsì: mọ́kànlá nínú ogún.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sàúdátù ti wà níbi ọjà baba rẹ̀, ó ń gbé ẹsẹ̀ àwọn àgùntàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ so èyí sọ́tọ̀. Ẹ má tíì tà á."

"Oníbàárà ń bọ̀ wá mú un lónìí. Ta ló ní kí n má tà á?"

"Ìjọba."

Mọ́ṣúdù wo ọlọ̀tẹ̀ tó gbé ìbọn lé itan lọ́ọ̀ọ́kán. "Ìjọba wo?"

"Èyí tó fún mi ní mọ́kànlá."

Baba rẹ̀ rò ó díẹ̀, ó wá okùn, ó sì lọ so àgùntàn náà mọ́ ẹ̀yìn ògiri.