Kí O Tó Gbálẹ̀, Wọ́n Omi

Ṣìọ̀! Bí mo bá rántí ọkùnrin oníkẹ́mísì tó wà ní Igbó-Elérin nígbà náà, mo máa ń yọ ṣùtì kí n tó lè sọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní dókítà. Kóòtù funfun tó ń wọ̀, òkìrìkà ni, torí orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi òwú kọ sí i láyà. Èèyàn ò ní tíì jókòó tán tí á ti sọ àìsàn tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1985, ní Ìbà, lẹ́yìn ẹ́sítéètì tí ìjọba kọ́. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì rò pé mo gbọ́n ju ìyá tó bí ìyá mi lọ. Ọmọ Ọ̀jọ́ pọ́ńbélé ni ìyá àgbà, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, òfin kan ni wọ́n ní: ká tó gbá ìta, ká kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀, ká sì mú ọmọdé wọlé. Wọ́n ní àìsàn máa ń gun afẹ́fẹ́, pé inú eruku ló ń gbà wọ ara ọmọ.

"Màmá, ẹ̀fọn ló ń fa àìsàn," mo wí. "Ó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wa. Ẹ fi eruku sílẹ̀ jẹ́ẹ́."

"O ṣé o, ìyá oníwèé," wọ́n dáhùn. "Ṣáà wọ́n omi."

Mi ò wọ́n ọn. Ẹ má dá sáyẹ́ǹsì lẹ́bi o, ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Omi ẹ̀rọ kì í yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kànga ilé kejì ni mo ti ń fa omi, mi ò sì rí ìdí tí màá fi fà á wá fún ilẹ̀ mu. Ní gbígbẹ ni mo ń gbá a. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sí eré tó fẹ́ràn tó kí ó sáré wọ inú eruku tó ń sọ yẹn, kí ó máa kígbe pé òun ti sọnù. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín, màá tún máa gbá a kíkankíkan sí i fún un.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn, ara rẹ̀ gbóná. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ là, ahọ́n rẹ̀ pupa bí ata. Ìyá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì.

"Málàríà ni." Ó gún un lábẹ́rẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a padà lọ. "Ó ti di táífọ́ọ̀dù." Ó tún gún un.

Ìyá àgbà tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́ karùn-ún. "Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí, ó ti wú," wọ́n ní. "Èyí kì í ṣe ibà. Afẹ́fẹ́ ni."

Oníkẹ́mísì aláìnítìjú náà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé kí n gún afẹ́fẹ́ lábẹ́rẹ́ ni?"

Mo sì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi, ẹ̀gbọ́n ọmọ!

Ìyá àgbà kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ní kí ìyá mi ṣíwájú, ó di ọsibítù. Kó tó di pé wọ́n dá wa sílẹ̀ níbẹ̀, awọ ìka rẹ̀ ti ń bó. Dókítà, ojúlówó dókítà lọ́tẹ̀ yìí, fetí sí àyà rẹ̀ títí. Ó ní ọmọ náà ò ní kú, àmọ́ àìsàn ti ba iṣan ọkàn rẹ̀ jẹ́, kò ní lè sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá mi béèrè ohun tó fà á.

"Mà, a ò mọ̀," dókítà náà dáhùn. "Ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí kan nínú eruku tàbí nínú afẹ́fẹ́. Kò dájú."

Mo wo ìyá àgbà. Mò ń retí kí wọ́n sọ pé ṣebí àwọn ti wí. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n tún pọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a padà délé, àwọn fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, ló lọ fa omi wá tí wọ́n sì wọ́n ọn sílẹ̀. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òwe yín kúrò níwájú mi. Oníkẹ́mísì yẹn ò jìyà kankan. Ó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Òkòkòmáìkò. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kórìíra rẹ̀, torí ó rọrùn ju kí n kórìíra ara mi lọ.

Ìyá àgbà ti kú nígbà tí àbúrò mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mò ń da omi sílẹ̀, garawa kejì, iwájú ilé ti di ẹrẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó bú sẹ́rìn-ín, "ṣé ìrẹsì lẹ fẹ́ gbìn ni?"

"Wọlé, jàre. Mo fẹ́ gbálẹ̀."

Ó rọra dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò rántí eré tí a máa ń ṣe nínú eruku yẹn, èmi náà ò sì tíì láyà láti rán an létí.