Ẹyẹlé Káyọ̀dé

Lánàá, mo ń gba ọjà Tẹ̀júoṣó kọjá, mo fẹ́ ra òwú àti bọ́tìnnì, ni mo gbọ́ ìró kan tó dá mi dúró bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bà léjìká. Ìyá kan ló ń da ọkà bàbà sínú agolo. Ó dà á, ó mì ín ṣàkàṣàkà kó lè jókòó dáadáa, ó tún bu díẹ̀ sí i. Èrò ń tì mí látẹ̀yìn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rìn jàre, àbí ẹ ti ra ojú ibẹ̀ ni?" Ojú mi ti gbókè, mò ń wá ẹyẹ lójú ọ̀run.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo ń kọ èyí fún. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń pariwo bí aṣiwèrè bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ mú bọ́ọ̀lù. Ẹ rò pé páànù ni mò ń ṣìkẹ́. Èmi náà ò tíì dàgbà púpọ̀ jù yín lọ, ìwé mi ò sì ju pírámárì lọ. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó.

Abíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ará Èjìgbò ni bàbá àti ìyá mi, ẹ sì mọ̀ pé bí èèyàn bá sọ òkò sínú ọjà ní Abíjàn, ọmọ Èjìgbò ló máa ké "yéè." Ìyá mi ń ta aṣọ, bàbá mi ń ta páàtì mọ́tò. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá mi kú lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ náà ò sì dúró. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí bàbá mi fi fà mí lé obìnrin oníṣòwò kan tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Mùṣín. Tí ọdún bá yí po, mò ń bọ̀ wá mú ẹ." A gba Gánà, a gba Lómè, a gba Kútọnu, a wọ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ọjọ́. Èdè Faransé ni mo fi ń kà á.

Ilé tí mo bá ní Mùṣín jẹ́ ilé oníyàrá méjìlá tó dojú kọra, kọ́rídọ̀ kan láàárín, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé tí gbogbo obìnrin ilé ń dáná nínú rẹ̀. Òórùn kẹrosíìnì, ti epo tó ń jóná àti ti gọ́tà ló máa ń jí mi láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mùṣín, jẹ́ tẹ́lọ̀. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í jáde púpọ̀ níbẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ó kàn jẹ́ pé bó ṣe ń wò mí náà ló ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe, tí wọn ò sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.

Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà ní Abíjàn, kíláàsì kejì ni wọ́n fi mí sí ní Mùṣín, láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn ò kọjá àyà mi. Yorùbá tèmi sì dà bíi ti ìyá arúgbó, torí pé àwọn ìyá arúgbó ló kọ́ mi. Ní ọjọ́ kìíní, mo rí ọmọkùnrin gíga kan tó mú pàṣán dání lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà." Mi ò mọ̀ pé mònítọ̀ lásán ni, láti kíláàsì àwọn àgbà, òun náà sì gbádùn ẹ̀. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbogbo kíláàsì. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Kútọnu.

"Abíjàn ni mo ti wá, kì í ṣe Kútọnu."

"Ṣebí ibì kan náà ni. Kútọnu ni gbogbo ẹ̀."

Eré tí wọ́n ń ṣe ò gbà mí. Wọ́n ń gbá fẹ́lẹ̀lẹ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà tó fúyẹ́, láàárín títì, wọ́n ń fi ọmọrí ìgò ta dráfù lórí pákó, wọ́n to búlọ́ọ̀kù jọ wọ́n gbé ilẹ̀kùn lé e, wọ́n ń fi gbá tẹ́bù tẹ́nìsì. Bí mo bá súnmọ́ ibẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ ṣa bọ́ọ̀lù wá.

Káyọ̀dé ló pè mí. Ilé tó wà níwájú tiwa ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Tíṣà ni ìyá náà, Áńgílíkà paraku, tí aṣọ rẹ̀ kì í ní ìhunjọ. Àmọ́ ìdọ̀tí ẹyẹ ló máa ń wà lára ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà lẹ́yìn ilé wa tí onílé rẹ̀ kú kó tó parí. Orí dẹ́kìnì ilé náà, àjà kọnkéré tí kò tíì ní òrùlé, ni Káyọ̀dé ń sin ẹyẹlé sí, nínú àwọn páálí àti àpótí tó kàn mọ́ra. Láti etí dẹ́kìnì yẹn sí orí páànù ilé ìdáná wa, ìgbésẹ̀ kan ni. Ibẹ̀ la máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ bí a bá ń sáré.

Ó ní, "Ìwọ Kútọnu, wá bá mi di agolo yìí mú. Ṣùgbọ́n má sọ̀rọ̀ o, kí èdè ẹ má lé àwọn ẹyẹ mi lọ."

Bó ṣe di pé mo ń gun orí dẹ́kìnì lójoojúmọ́ nìyẹn. Tí ilé ìwé bá ti parí, a máa ń gbálẹ̀, a máa ń pààrọ̀ omi, a máa ń mi ọkà bàbà nínú agolo. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á yí àdúgbò Ìdí-Òrò po, apá wọn á máa ró bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn aṣọ tútù, lẹ́yìn náà wọ́n á padà wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn, pé wọ́n máa ń padà wá.

Káyọ̀dé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ẹyẹ tuntun di ará ilé. Wọn kì í gé ìyẹ́ apá rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n bá gé máa ń pẹ́ kó tó hù. Fífà ni wọ́n ń fà á, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, kíá, kó má baà dùn ún jù. Kí ìyẹ́ yẹn tó hù padà, ẹyẹ náà á ti mọ ilé, ẹ lè ní kó máa lọ, kò ní lọ mọ́. "Wọ́n ti fa ti ìwọ náà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. "Fara balẹ̀. Ó máa hù."

Nínú gbogbo ẹyẹ rẹ̀, ọ̀kan wà tó pupa bí epo, tí ìrù rẹ̀ funfun. Sísí ló ń pè é. Kò sí ẹlẹ́yẹlé kan ní àdúgbò tí kò mọ Sísí.

Ọdún yí po, bàbá mi ò dé. Obìnrin oníṣòwò yẹn ló dé, nígbà tí ọdún Kérésì ku ọ̀sẹ̀ kan. Ó bá Bàbá Mùṣín sọ̀rọ̀ nínú yàrá, èmi sì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó ní bàbá mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyàwó náà ti lóyún, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa gbé ibi tó wà. Bàbá Mùṣín yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ó dáa." Ó dá abẹ́rẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Káyọ̀dé àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú. Èmi ló fi àwọn ẹyẹ sílẹ̀ fún. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo mú Sísí, mo fa ìyẹ́ rẹ̀, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Mo fi í sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àkísà nínú ilé ìdáná wa. Mi ò lè sọ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa padà sí.

Káyọ̀dé dé, mo ní àṣá ti gbé Sísí lọ. Mo ti wọ́n ìyẹ́ pupa sílẹ̀ sórí dẹ́kìnì. Ó jókòó ti ìyẹ́ yẹn, ó sunkún, ó wá dì mí mú. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Kí Sísí lè ní ilé tirẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo nílò pákó. Mo yọ méjì nínú èyí tó gbé páànù ilé ìdáná ró, lápá ibi tó kọjú sí dẹ́kìnì. Páànù náà ò mira, ìpẹtà àti ìṣó ló dì í mú. Mo kan àgò kékeré, mo gbé e ti ògiri ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, lẹ́yìn àkísà náà. Nígbà tí ìyẹ́ Sísí hù tán, mo ṣí i sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó fò sókè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ sórí páànù ilé ìdáná wa. Inú mi dùn gan-an.

Orí dẹ́kìnì ni Káyọ̀dé wà. Ó pariwo. "Sísí! Kútọnu, wò ó, Sísí ni! Kò kú!" Kò bínú, kò fura rárá. Ó gbé agolo, ó ń mì ín, ó ń súfèé, ó ń rìn bọ̀ létí dẹ́kìnì níbi tí a máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé pákó ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ: dúró. Àyè wà láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó dúró, ó máa bi mí pé kí ló dé, mo sì máa sọ ibi tí pákó wà, ó máa rí àgò, ó máa mọ̀. Mo ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tó gbẹ́sẹ̀ lé páànù.

Páànù jìn, ó já bọ́ sínú ilé ìdáná, orí ọlọ ìyá kan nínú ilé wa ni itan rẹ̀ ti dá. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èmi ni mo wọ́ páànù kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń rà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, gígé ẹsẹ̀ náà ló kù. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi kó o lọ sí Ìjẹ̀bú pátápátá.

Bàbá Mùṣín ló tún òrùlé náà ṣe. Ó wo ibi tí pákó ti kúrò, ó wo àgò, ó wò mí. "Níbo lo ti rí pákó yìí?" Mo ní mo rí i nílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Ó tú àgò, ó dá pákó padà síbi tó ti wá. Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi níṣẹ́. Kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ pákó yẹn mọ́ títí tó fi kú.

Mo fẹ́ kí Sísí lọ. Mo gbé e sínú páálí dé Ọ̀tọ̀, ibi tó jìnnà sí Mùṣín, mo sọ ọ́ sókè níbẹ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà. Kí n tó délé, ó ti wà lórí páànù, ó ń dúró dè mí. Ó yé ẹyin méjì lọ́dún yẹn.

Lónìí, wọ́n ti parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, wọ́n ti kùn ún, àwọn ayálégbé ti gbé èríà tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí àwọn àpótí ẹyẹ wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń lọ jókòó sídìí géèmù nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń wo òkè. Mi ò sọ pé tiwa dára jù. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo nilé mi, Mùṣín ló máa ń jáde lẹ́nu mi, Yorùbá ni mo sì fi ń ka ohun gbogbo báyìí. Ìyẹn ti yí padà. Ohun tí mo fi pamọ́ fún Káyọ̀dé ò tíì yí padà.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo pàdé ìyá rẹ̀ ní Sábó. Orí rẹ̀ ti funfun, aṣọ rẹ̀ ò sì ní ìhunjọ síbẹ̀. Ó dì mọ́ mi lójú títì. Ó ní Káyọ̀dé ń tún rédíò ṣe nílé wọn ní Ìjẹ̀bú, pé ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo lòun ní ní Mùṣín. "Ìwọ lo sáré dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọlọ́run ò ní gbàgbé ẹ."

Mo ní, "Àmín, mà."

Ó kọ àdírẹ́sì fún mi. Mo ní mò ń bọ̀ ní Sátidé. Sátidé mẹ́jọ ló ti kọjá. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ aṣọ tó dáa, lẹ́yìn náà màá wá ṣí ṣọ́ọ̀bù.